Èrò tuntun àti ìwólulẹ̀ ìlànà kọ́múníìsì: bí ẹ ṣe lè tọpa rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yín lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa bí ìlànà kọ́múníìsì ṣe wólulẹ̀ ní Sófíẹ́tì àti ní Ìlà-Oòrùn Yúróòpù sábà máa ń gba ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí kì í débi tó ń lọ. Àwọn kan á ní èrò òmìnira ló wó o. Wọ́n á ka orúkọ òǹkọ̀wé mẹ́rin márùn-ún, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kan á ní ebi àti gbèsè ló wó o, ariwo ẹnu lásán ni ìyókù. Ti àkọ́kọ́ kò lẹ́rìí. Ti ìkejì kò lè ṣàlàyé ìdí tí ìyàn ọdún 1932 sí 1933, tó pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ní Ukraine àti Kazakhstan, kò fi mi Stalin, olórí Sófíẹ́tì nígbà náà, lórí àga, tí ọ̀wọ́n ẹran ọdún 1980 sì mi ìjọba Pólàndì débi tó fi jókòó bá òṣìṣẹ́ ṣàdéhùn.

Ọ̀nà tí à ń fi hàn yín níbí dúró lórí ohun kan ṣoṣo: èrò kì í mi ìjọba títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè pàṣẹ. Ẹ tọpa rẹ̀ láti orí ìwé dé ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ kiri, láti ẹnu wọn dé orí tábìlì ẹni tó yẹ kó ní kí ọmọ ogun yìnbọn. Níbi tí àṣẹ náà kò ti jáde mọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá iṣẹ́ tí èrò ṣe.

Ẹ kọ ohun tí ìlànà náà sọ pé òótọ́ ni sílẹ̀

Kí ẹ tó dárúkọ alátakò kankan, ẹ kọ ìgbàgbọ́ kọ́múníìsì sílẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin tó. Ìkíní, ìtàn ayé ní òfin tó ń tẹ̀ lé, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ló sì mọ òfin náà, òun nìkan ló yẹ kó máa darí. Ìkejì, òṣìṣẹ́ ló ni ìjọba. Ìkẹta, ètò tí ìjọba bá ṣe láti òkè yóò pèsè ju ohun tí ọjà lè pèsè lọ. Ìkẹrin, orílẹ̀-èdè tó bá ti wọ ọ̀nà sósíálíìsì kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn.

Ẹ wá fi ìwé àṣẹ àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ìkíní, ìwé òfin Sófíẹ́tì ti ọdún 1977, abala kẹfà, tó pe ẹgbẹ́ náà ní olùdarí àwùjọ. Fún ìkẹrin, ohun tí Brezhnev, olórí Sófíẹ́tì nígbà náà, sọ láti fi gbe ogun tó wọ Prague ní 1968 lẹ́sẹ̀. Fún ìkẹta, ètò tí ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1961, tó ṣèlérí pé nígbà tó bá máa fi di 1980, wọn yóò ti kọ́ àwùjọ kọ́múníìsì dé ibi tó lápẹẹrẹ, pé ìran tó wà láyé nígbà náà yóò gbé inú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo ìlérí yìí dáadáa, nítorí ó ní ọjọ́. Ìlérí tí kò lọ́jọ́ lè máa sún síwájú títí ayé. Èyí tó lọ́jọ́, ẹnikẹ́ni tó ní kàlẹ́ńdà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún 1980 dé, ó kọjá, àwọn èèyàn ṣì ń tò lórí ìlà nítorí ẹran. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún ètò yẹn kọ ní 1986, wọ́n yọ ọjọ́ náà kúrò.

Bí ẹ bá fo ìpele yìí, gbogbo nǹkan ni yóò dà bí èrò tuntun lójú yín: ṣòkòtò jíǹsì, orin rọ́ọ̀kì, fíìmù Amẹ́ríkà. Wọ́n lè kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n sínú iṣẹ́ yín àfi bí ẹ bá lè tọ́ka sí èyí tí wọ́n bà jẹ́ nínú ìgbàgbọ́ mẹ́rin yẹn.

Ẹ mú èrò kan, orílẹ̀-èdè kan, àti ọdún tí kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ

“Òmìnira dojú kọ kọ́múníìsì láti 1917 dé 1991” ti fẹ̀ jù. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí bò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ èrò tó kọlu ìgbàgbọ́ kejì, ẹ mú Milovan Djilas. Ó ti wà lára àwọn olórí Yugosláfíà kí wọ́n tó lé e kúrò ní ipò ní 1954. Ìwé tó jáde ní New York ní 1957, nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ti di àwọn ọlọ́rọ̀ tuntun: orúkọ wọn kò sí lórí ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ló ń pín ohun tí ilé iṣẹ́ bá pèsè. Ohun tó mú kó dùn wọ́n ni pé irinṣẹ́ Marx, ẹni tí wọ́n gbé ìlànà wọn kà, ló fi tú wọn wò.

Fún ìgbàgbọ́ kẹta, ẹ fi èèyàn méjì wé ara wọn. Ní 1920, Ludwig von Mises, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, kọ ọ́ ní Vienna pé bí kò bá sí iye owó tí ọjà dá, ẹni tó ń ṣètò kò ní mọ ohun tí nǹkan kan ná an ní tòótọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò yẹn kò dé ọwọ́ aláṣẹ kankan ní Ìlà-Oòrùn Yúróòpù. Ní 1980, János Kornai, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Họ́ngárì, gbé ìwé jáde ní Budapest tó fi hàn pé ọ̀wọ́n kì í ṣe àṣìṣe òṣìṣẹ́ kan tàbí ojú ọjọ́ búburú, inú ètò fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Ilé iṣẹ́ tó mọ̀ pé ìjọba kò ní jẹ́ kí òun wọ gbèsè dé òpin kì í bẹ̀rù àdánù. Nítorí náà á máa béèrè irin, èédú àti òṣìṣẹ́ sí i, á sì kó wọn pamọ́. Kornai kò sá kúrò nílùú kó tó kọ ọ́, wọn kò sì fòfin de ìwé náà. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ kà á. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò sí nínú bí ọgbọ́n wọn ṣe jinlẹ̀ tó. Ọwọ́ tí ìwé wọn dé ni.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, èrò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lẹ́yìn àdéhùn Helsinki ni a gbà yín níyànjú láti mú, nítorí ipasẹ̀ rẹ̀ hàn kedere nínú ìwé.

Helsinki láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ fa ìlà márùn-ún sórí ìwé: ọjọ́; ẹni; ohun tó ṣe; ìwé tó tọ́ka sí; ohun tí ìjọba fi fèsì. Ẹ kún un báyìí.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 35 fọwọ́ sí ìwé Helsinki. Ohun tí Sófíẹ́tì ń wá ni kí ayé gba ààlà ilẹ̀ tí ogun àgbáyé kejì fi sílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìlànà keje rẹ̀. Brezhnev rò pé òun ló jèrè, ìwé ìròyìn Mósíkò sì tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú àdéhùn náà jáde. Báyìí ni ará ìlú ṣe ní ìwé tí olórí wọn fọwọ́ sí lọ́wọ́.

Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, Yuri Orlov àti àwọn díẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Mósíkò láti máa ṣọ́ bí ìjọba ṣe ń pa àdéhùn náà mọ́. Oṣù Kìíní ọdún 1977, Charter 77, ìwé tí àwọn ará ìlú fọwọ́ sí láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn, jáde ní Tsẹkoslofákíà. Václav Havel, Jan Patočka àti Jiří Hájek ni agbẹnusọ rẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáadáa. Kò bú kọ́múníìsì rárá. Ohun tó sọ ni pé àdéhùn àgbáyé méjì lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti di òfin ní Tsẹkoslofákíà láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1976, kí ìjọba tẹ̀ lé òfin tirẹ̀. Agbára èrò yìí wà níbẹ̀: ìjọba kò lè dá a lóhùn láìsọ pé òfin òun kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ẹ wá kọ èsì ìjọba. Wọ́n mú Orlov ní oṣù Kejì ọdún 1977, wọ́n rán an lọ sí àgọ́ iṣẹ́ àṣekára fún ọdún méje ní 1978. Patočka kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1977 lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ti fi ìbéèrè há a mọ́ léraléra. Havel wà lẹ́wọ̀n láti 1979 dé 1983. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dúró, wọ́n á kọ ọ́ pé èrò náà kùnà. Ẹ má dúró. Àdéhùn Helsinki ní ìpàdé àyẹ̀wò: Belgrade ní 1977 sí 1978, Madrid ní 1980 sí 1983, Vienna láti oṣù Kọkànlá ọdún 1986 dé oṣù Kìíní ọdún 1989. Níbi kọ̀ọ̀kan, àwọn aṣojú ìwọ̀-oòrùn gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n tì mọ́lé kalẹ̀. Ní Vienna, Sófíẹ́tì fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti jáde kúrò ní ìlú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Họ́ngárì dá àdéhùn ọdún 1969 tó ní pẹ̀lú Jámánì Ìlà-Oòrùn dúró, ó sì ṣí ààlà fún àwọn ará Jámánì tó fẹ́ kọjá sí Austria. Àṣẹ tó yẹ kó dá wọn padà kò jáde mọ́. Ibẹ̀ ni ìlà tábìlì yín parí sí.

Ẹ wádìí bí èrò náà ṣe rìn

Èrò tí kò lọ́nà kò lè dé ibì kankan, nítorí náà ẹ béèrè fún ìwé kọ̀ọ̀kan: ta ló tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà mélòó, ta ló gbé e kọjá? Ní Sófíẹ́tì, táípúráítà, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti kábọ́ọ̀nù ni. Ẹ̀dà díẹ̀ ló lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì máa ń ṣú débi pé ó ṣòro kà. Ẹni tó bá gbà á ni yóò tún tẹ ẹ̀dà tirẹ̀. Ìwé ìròyìn abẹ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Mósíkò ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1968, tó ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n mú àti ẹjọ́ tí wọ́n dá fún wọn, ní kí òǹkàwé tó bá ní ìròyìn sọ ọ́ fún ẹni tó fún un ní ẹ̀dà, kí onítọ̀hún náà sọ ọ́ fún ẹni tó fún òun. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ọ̀nà náà tán, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún KGB, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Sófíẹ́tì, láti já a. Ní Pólàndì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gidi ni wọ́n ń lò lábẹ́lẹ̀ láti 1977. Ìjọba Romania mọ ohun tí táípúráítà lè ṣe: ní 1983 wọ́n ṣòfin pé gbogbo ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ọ̀nà tó gbòòrò jù ni rédíò. Ẹ̀dà kan á yọ́ jáde dé Munich, Radio Free Europe tàbí Radio Liberty, àwọn rédíò tí Amẹ́ríkà ń náwó sí, á kà á padà sínú ilé àwọn èèyàn. Nítorí náà ẹ má fi iye àwọn tó fọwọ́ sí ìwé wọn agbára rẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ sí Charter 77 kò tó 2,000 títí di 1989, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ lórí rédíò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ sì kọ ọjọ́ tí ìdènà rédíò dáwọ́ dúró: Sófíẹ́tì dẹ́kun dídí BBC ní oṣù Kìíní ọdún 1987, Radio Liberty ní òpin 1988.

Ẹ wá a nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì fúnra rẹ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa wá èrò tuntun lọ́dọ̀ alátakò nìkan. Ọwọ́ tó ń pàṣẹ, inú ẹgbẹ́ ló wà, ibẹ̀ sì ni ìgbàgbọ́ ti kọ́kọ́ sán.

Ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1956, Khrushchev, tó jẹ olórí Sófíẹ́tì lẹ́yìn Stalin, tilẹ̀kùn mọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́, ó sì ka ìwà ìkà Stalin fún wọn. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e kò ṣeé dá dúró: bí ẹgbẹ́ bá mọ òfin ìtàn, báwo ló ṣe ṣìnà fún ogún ọdún ó lé? Ní ọdún yẹn kan náà, Budapest, olú ìlú Họ́ngárì, dìde. Ọkọ̀ ogun Sófíẹ́tì wọ ìlú ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, wọ́n sì so Imre Nagy, tó jẹ́ olórí ìjọba Họ́ngárì nígbà náà, kọ́ ní 1958. Ní 1968, ètò tuntun jáde ní Prague lábẹ́ Dubček, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì níbẹ̀. Ẹni tó kọ apá tó jẹ mọ́ òṣèlú nínú rẹ̀ ni Zdeněk Mlynář, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Mósíkò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mikhail Gorbachev. Òru ọjọ́ 20 mọ́jú 21 oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ ogun tún wọ̀lú. Èrò wà, àwọn èèyàn sì gbà á. Àṣẹ ló ṣì ń jáde.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé Mlynář ló yí Gorbachev lérò padà. Ọ̀rẹ́ jẹ́ ọ̀nà tí èrò lè gbà. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ó gbà á. Ẹ̀rí wà nínú ohun tí Gorbachev ṣe lẹ́yìn tó di akọ̀wé àgbà ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1985. Ní oṣù Kìíní ọdún 1987 ó sọ fún ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́ pé kí ìdìbò ní olùdíje tó ju ẹyọ kan lọ. Ọdún yẹn ni àwọn oníròyìn bi agbẹnusọ rẹ̀, Gennadi Gerasimov, léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín àtúnṣe Gorbachev àti ti Prague. Ó dáhùn pé ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1988, Gorbachev sọ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní òun yóò dín ọmọ ogun kù ní 500,000. Ìgbàgbọ́ kẹrin ti kú lẹ́nu ẹni tó yẹ kó dáàbò bò ó.

Ìdí nìyẹn tí Leipzig, ìlú kan ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, fi ṣe pàtàkì. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1989, nǹkan bí 70,000 ènìyàn jáde sí ìgboro. Ọlọ́pàá àti ọmọ ogun ti múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ogun Sófíẹ́tì wà nínú bárékè wọn, àwọn aláṣẹ ní Berlin kò sọ̀rọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ mẹ́ta nílùú náà sì bá Kurt Masur, olùdarí orin, fọwọ́ sí ìwé tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Kò sẹ́ni tó yìnbọn. Ohun tí àwọn èèyàn ń pariwo ni pé “Àwa ni ará ìlú!” Orúkọ ará ìlú yìí ni ìjọba náà ti fi sára ọlọ́pàá, ogun àti ilé ìgbìmọ̀ rẹ̀, wọ́n gba orúkọ wọn padà.

Irinṣẹ́ kan tó wúlò gan-an: ẹ kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ tó jẹ́ èèwọ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ọdún tí ìwé ìròyìn Mósíkò lè fẹnu bà á sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bukharin, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ tí Stalin pa, rí ìdáláre gbà ní oṣù Kejì ọdún 1988. Ọdún yẹn ni wọ́n fagi lé ìdánwò ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́, torí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ti di irọ́. Ní 1989, ìwé ìròyìn Novy Mir tẹ iṣẹ́ Solzhenitsyn lórí àwọn àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, èyí tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé e kúrò nílùú ní 1974. Oṣù Kẹrin ọdún 1990, ìjọba gbà pé àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Sófíẹ́tì ló pa àwọn ọ̀gágun Pólàndì ní Katyn. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún yẹn, abala kẹfà ìwé òfin yẹn ti yí padà, ẹgbẹ́ kì í ṣe olùdarí kan ṣoṣo mọ́. Ẹ tún wo lẹ́tà Nina Andreyeva tó gbèjà Stalin, tó jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1988. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí Pravda, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, fi fèsì ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ọ̀pọ̀ olóòtú dákẹ́, wọ́n ń retí ìhà tí àṣẹ yóò gbà.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú àlàyé mìíràn

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ: ẹni tó bá ní ọ̀wọ́n oúnjẹ ló fa gbogbo rẹ̀, ẹ gbé Pólàndì ọdún 1970 àti 1980 síwájú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìjọba gbé owó oúnjẹ sókè, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Gdańsk sì yanṣẹ́ lódì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, wọ́n rọ́ jáde sí ìgboro, ọmọ ogun yìnbọn fún wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, wọ́n jókòó sínú ọgbà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kọ ìbéèrè 21, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Ìjọba fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ.

Ṣọ́ra fún ìdẹkùn kan níbí. Ẹ má sọ pé èrò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ aládàáni ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1980. Àwọn òṣìṣẹ́ Szczecin ti béèrè rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1970. Ohun tó yí padà láàárín ni pé ìgbìmọ̀ KOR ti wà láti 1976 láti gbèjà òṣìṣẹ́ tí wọ́n fìyà jẹ, ìwé ìròyìn òṣìṣẹ́ ti ń jáde lábẹ́lẹ̀ láti 1977, Póòpù John Paul Kejì sì ti ṣèbẹ̀wò sílé ní oṣù Kẹfà ọdún 1979, níbi tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ti rí i pé àwọn lè kóra jọ láìsí ìjọba níbẹ̀. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì dé, àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Mazowiecki àti Geremek wá láti Warsaw láti gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn. Ọ̀wọ́n ló dá iná. Èrò ló sọ ohun tí wọn yóò béèrè.

Ẹ fún àwọn okùnfà yòókù ní ìpín wọn láìṣe ojúsàájú: owó epo rọ̀bì tó já lulẹ̀ ní 1986, gbèsè Pólàndì, ogun Afghanistan, ìjàǹbá ilé iṣẹ́ átọ́míìkì ní Chernobyl ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1986, àti ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ẹni ní Lithuania, Latvia àti Estonia. Ẹ béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá òun nìkan lè dá àṣẹ ìbọn dúró. Kò sí èyí tó lè dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ìdánwò tó le jù ni Ṣáínà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1978, ìwé ìròyìn kan ní Beijing kọ ọ́ pé ìṣe nìkan ni òṣùwọ̀n òtítọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ Mao, olórí Ṣáínà tó ti kú, kì í ṣe òṣùwọ̀n mọ́. Deng Xiaoping, tó ń di alágbára jù nínú ẹgbẹ́ náà, gbà á, ọjà padà sí abúlé, ìgbàgbọ́ kẹta sì wó níbẹ̀ kó tó wó ní Mósíkò. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1989, àṣẹ ìbọn jáde ní Beijing, lọ́jọ́ tí àwọn ará Pólàndì ń dìbò, tí Solidarność, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó jáde látinú ìyanṣẹ́lódì ọdún 1980, yóò fi gba 99 nínú àga 100 ní ilé ìgbìmọ̀ àgbà wọn. Nítorí náà ẹ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́: ìrẹ̀sílẹ̀ ìlànà, àti ìṣubú ẹgbẹ́ tó ń fi ìlànà náà ṣèjọba. Ọ̀kan lè ṣẹlẹ̀ láìsí èkejì.

Kíkọ ọ́ jáde

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 3,000, ẹ fi 300 sọ ìgbàgbọ́ tí èrò náà kọlù, 700 sọ bó ṣe rìn, 1,000 sọ bó ṣe dé ọwọ́ aláṣẹ, 700 fún àlàyé mìíràn, 300 fún ibi tí èrò kan náà kò ti so èso kan náà. Apá kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ kúrú jù.

Ìwé ìrántí tí àwọn olórí kọ lẹ́yìn 1991 wúlò, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti mọ bó ṣe parí kí wọ́n tó mú kálámù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ inú ìpàdé àti ìwé ìròyìn ọjọ́ náà gan-an yẹ̀ wọ́n wò. Ní 1987, Gorbachev fúnra rẹ̀ gbà pé Lenin, ẹni tó dá ìjọba Sófíẹ́tì sílẹ̀, lòun ń padà sí. Ẹ má fi èrò ọdún 1991 sí i lórí.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn gbogbo tí “èrò” fúnra rẹ̀ ti ń ṣe nǹkan. “Èrò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gba Tsẹkoslofákíà kan” kò sọ nǹkan kan. Ẹ fi ẹni, ọjọ́ àti ìwé rọ́pò rẹ̀: ní oṣù Kìíní ọdún 1977, Havel, Patočka àti Hájek gbé ìwé kan síwájú ìjọba wọn, tó ń tọ́ka sí òfin tí ìjọba náà fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ jáde lọ́dún tó ṣáájú.